Ẹyẹ àti Kòkòrò Lórí Ẹ̀ka Gbígbẹ

Nígbà tí mo fi àwòrán yìí han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú ìwé, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé: «Olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ayàwòrán yìí kò parí iṣẹ́ rẹ̀ ni?» Ìbéèrè náà tọ́, nítorí apá tí ó pọ̀ jù nínú tákàdá náà, òfìfo ni.

Miyamoto Musashi, ọ̀gá nínú idà jíjà ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó kú ní ọdún 1645, ni ó ya àwòrán náà. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Kuboso ní ìlú Izumi. Tàdáwà dúdú àti omi ni ó fi yà á. Ẹ̀ka gbígbẹ kan gùn lọ sókè tín-ín-rín, ẹyẹ kan sì bà sí òkè rẹ̀. Mozu ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà lọ́hùn-ún. Pie-grièche ni ti àwọn Faransé. Ẹyẹ olórin ni, ṣùgbọ́n apẹranjẹ ni pẹ̀lú: a máa fi ohun tí ó bá pa gún ẹnu ẹ̀gún.

Ọ̀pọ̀ alámèyítọ́ a máa wí pé ẹ̀ka náà dà bí idà tí jagunjagun fà yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò jiyàn. Tàdáwà kò ṣeé pa rẹ́. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá dúró síbẹ̀, ìtàn ìgbésí ayé Musashi ni a ń kà, a kò tíì wo àwòrán.

Ẹ wo ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ẹyẹ: kòkòrò kékeré kan ń rá gòkè bọ̀. Ayàwòrán kò sọ fún wa bóyá ẹyẹ yóò jẹ ẹ́. Ìwọ̀nba ẹ̀ka tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀mí tí ó kù fún kòkòrò. Bí Musashi bá ti fi ewé àti òdòdó kún ibẹ̀, ẹwà igbó ni à bá máa yìn, ojú wa ì bá sì fo ikú tí ń bọ̀. Nítorí náà, òfìfo yẹn kì í ṣe àìparí iṣẹ́. Òun ni ó jẹ́ kí a rí ohun tí ó kéré jù lọ.

Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà fi ìka bo kòkòrò náà. Ó bò ó, ó wò ó, ó ní: «Ẹyẹ lásán ni ó kù.» Nígbà tí ó ká ìka kúrò, gbogbo kíláàsì dákẹ́.