Òròmọdìẹ, Àṣá àti Adájọ́: Mo Yẹ Òfin Ìlera Ọpọlọ Wò

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ti di lọ́yà ló fi Òfin Ìlera Ọpọlọ ti Nàìjíríà ránṣẹ́ sí mi. Òfin ọdún 2021 ni wọ́n ń pè é, àmọ́ oṣù kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lù ú. Lọ́yà ní kí n sọ tẹnu mi. Èmi kì í ṣe amòfin, n kì í sì í ṣe oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ inú òfin náà ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èyí tó rọ́pò. Ọdún 1916 ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin àtijọ́. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn èèyàn wa ní Òkèhò àti Ìṣẹ́yìn dìde sí ìjọba, ọ̀rọ̀ kóòtù tuntun sì wà lára ohun tó ń bí wọn nínú. Wọ́n tún òfin náà tò ní 1958. “Lunatic” ló pe aláìsàn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fa yọ láti ara orúkọ òṣùpá ní èdè Látìn, bí ẹni pé òṣùpá ló ń ru wèrè sókè. Ó kó ọ̀dẹ̀ àti ẹnikẹ́ni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yẹn.

Bí ẹnì kan bá lọ búra níwájú adájọ́ májísíréètì pé orí lágbájá ti dàrú, adájọ́ lè ní kí wọ́n mú un wá. Dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò, á kọ ìwé ẹ̀rí, adájọ́ á sì pàṣẹ pé kí wọ́n tì í mọ́ ilé wèrè. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣí ní Yábà ní 1907. Ti Lántòrò l’Ábẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà, ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀: búra, mú, yẹ̀ wò, kọ, pàṣẹ, tì. Ta ni olùwà wọn? Ẹbí, ọlọ́pàá, dókítà, adájọ́. Aláìsàn ò ṣe olùwà ọ̀kankan. Àbọ̀ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà ilé wa á sọ. Wọ́n á ní à ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun jẹ̀ láàtàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ti rò pé ẹni tó gbé òròmọdìẹ kì í ṣe àṣá. Òwe kejì tilẹ̀ burú jù ú lọ: wèrè la fi ń wo wèrè. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbe pàṣán àti ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí àjọ Human Rights Watch bẹ ilé ìtọ́jú 28 wò ní Nàìjíríà, ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2019 ni pé wọ́n rí àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀nì dè, nílé àwọn onísìn, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àti nílé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú. Èwo nínú wọn ni adájọ́ pàṣẹ fún?

Èmi náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1986, àìsàn ọpọlọ kọ lu àbúrò mi kan, ọmọ àbúrò bàbá mi, ní Ìwéré-Ilé. Kò sùn mọ́. Òru ló ń rìn. Lọ́jọ́ kan ó tiná bọ àká àgbàdo, díẹ̀ ló kù kí iná ran ilé tí àwọn ọmọdé sùn sí. Ẹbí pèpàdé, wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ìwé pọ̀ lórí mi. A fi okùn dè é, a gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kan, ó lo oṣù mẹ́jọ níbẹ̀. Kò sí kóòtù, kò sí ìwé. Ẹnu mi ni wọ́n fi ṣe àṣẹ.

Ara rẹ̀ yá, ó padà sí oko. Lọ́dún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà ọyẹ́, ó sọ fún mi pé: “Bùọ̀dá, n ò bínú pé ẹ mú mi lọ. Iná yẹn, mo lè fi pa ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ ẹ ò bi mí ní nǹkan kan. Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mi bí ẹni pé n ò sí níbẹ̀.” N ò rí èsì fọ̀.

Ohun tí mo fi ń wọn òfin tuntun nìyẹn, ó sì gbìyànjú. Ó ti sọ orúkọ èébú nù. Ó fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara rẹ̀. Ìtọ́jú ọ̀ranyàn kàn lè wáyé bí ewu bá wà fún òun tàbí fún ẹlòmíì ni, tàbí bí àìsàn náà bá fẹ́ burú kọjá ààlà. Aláìsàn ti di olùwà nínú gbólóhùn mélòó kan.

Ibi tó kù sí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Kí ni ògbufọ̀ á sọ fún ìyá àgbà kan láti Ìwéré-Ilé? Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, gbà, ló ń ṣiṣẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu wa. “Wọ́n gbà á sí ọsibítù.” “Ó gba ìtọ́jú.” “Ó gbà.” Ẹni tí wọ́n wọ́ wọlé gba ìtọ́jú, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá náà gba ìtọ́jú. Bí ògbufọ̀ bá sọ fún adájọ́ pé “ó ti gbà”, ta ló fẹ́ mọ èwo ló wí? Ìmọ̀ràn mi ni pé kí wọ́n máa lo “ó fọwọ́ sí i” fún ọ̀kan, “a fi dandan mú un” fún èkejì. Ẹ má bo dandan mọ́lẹ̀.

Ẹ má sì rò pé òfin tó péye nìkan tó. Àwọn ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù á ní “wọ́n ti section ẹ̀”. Nọ́ńbà abala òfin ti di ọ̀rọ̀-ìṣe! Abẹ́ òfin 1983 ni: abala kejì, ọjọ́ 28, abala kẹta, oṣù mẹ́fà, abala 37, adájọ́ lè dá ẹlẹ́ṣẹ̀ sí ọsibítù dípò ẹ̀wọ̀n. Aláìsàn lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn dúdú dúró ju ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó lọ.

Nílé ńbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo ti fọ̀nà mìíràn hàn wá ní Àró láti 1954. Ó ní kí aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jọ gba yàrá ní abúlé, kí wọ́n máa sún mọ́ oko àti ọjà, kí wọ́n sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Kò sọ wọ́n di àbọ̀.

N ò sọ pé ká má fi dandan mú ẹnikẹ́ni láéláé. Mo rántí iná orí àká. Ohun tí mo ń wí ni pé kí adájọ́ kọ́kọ́ bi aláìsàn fúnra rẹ̀, ní Yorùbá, kí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ì báà dàrú. Ẹ̀yin lọ́yà àti nọ́ọ̀sì tó wà láàárín yín, bí ẹ bá ti rí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi. Ẹ fi orúkọ bò, àmọ́ ẹ sọ fún mi bóyá ẹnikẹ́ni bi í.