Okùn Tó Dẹ̀ Díẹ̀

Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ní àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, níbi tí okùn ìwọ̀ ti ń gbà kọjá láti ọjọ́ pípẹ́. Ìka yẹn ni wọ́n fi ń gbúròó ẹja. Wọ́n á ju ìwọ̀ sí ẹ̀bá igi gbígbẹ kan nínú adágún Lake Fork, wọ́n á fi ìka gbé okùn díẹ̀, wọ́n á sì máa bá ìtàn wọn lọ. Lójijì, wọ́n á dákẹ́ sáàárín gbólóhùn. Kí ẹni tó jókòó tì wọ́n tó béèrè pé kí ló dé, ọ̀pá ti tẹ̀ wá sílẹ̀, ẹja báàsì ti fò yọ lójú omi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà. Wọ́n á tú ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀, wọ́n á dá a padà sómi, wọ́n á wá parí gbólóhùn tí wọ́n dá dúró.

Akọ̀wé yìí, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó fi agbègbè Dallas ṣe ilé, ti bá ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní apẹja pàdé ní Texas. Kò tíì rí ẹni tó mọ ohun tí okùn ń sọ tó Bàbá. Aláwọ̀ dúdú ni wọ́n, ọmọ ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, oko epo rọ̀bì ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n lórúkọ tí gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa pe ẹni tó tó bí i lọ́mọ lórúkọ gbàgàdà? Bàbá ni akọ̀wé yìí ń pè wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó dùn mọ́ wọn nínú. Àwọn náà ń pè é ní ọmọ.

Ènìyàn ló ṣe adágún Lake Fork. Wọ́n parí ìdídò rẹ̀ ní 1980, omi sì kún un dẹ́nu ní 1985. Ó lé ní éékà 27,000. Ọ̀pọ̀ igi ni wọn kò gé kí omi tó bò ó, ìdí nìyẹn tí igi gbígbẹ fi nàró káàkiri ojú omi títí dòní. Kí adágún tó kún rárá ni ìpínlẹ̀ Texas ti kó ọmọ báàsì ti Florida, irú èyí tó máa ń tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ, sínú rẹ̀. Èso rẹ̀ kò pẹ́ hàn. Ní oṣù kọkànlá 1986, Mark Stevenson mú ọ̀kan tó wọn pọ́n-ùn 17.67 níbẹ̀. Ẹja yẹn ló bí ètò ShareLunker, tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi ń gba báàsì ńláńlá lọ́wọ́ apẹja láti fi mú irú-ọmọ jáde. Ní oṣù kìíní 1992, Barry St. Clair fa èyí tó wọn 18.18 yọ, ẹja náà sì ni báàsì tó wúwo jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ Texas. Báàsì kọ́ ni St. Clair tilẹ̀ ń wá lọ́jọ́ náà. Crappie, ẹja pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fẹ́ràn láti dín, ló ń dọdẹ. Bàbá kì í lè sọ ìtàn yẹn dópin kí ẹ̀rín tó gbé wọn.

Wọ́n mọ ilẹ̀ náà kó tó di omi. Nínú igbó tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ báyìí ni wọ́n ti ń dọdẹ ọ̀kẹ́rẹ́ nígbà èwe. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀nà àtijọ́ gbà, wọ́n mọ oko ẹni tó ní kànga, wọ́n mọ afárá tí wọ́n ń gbà kọjá lọ sílé ọ̀rẹ́bìnrin kan tí wọn kì í dárúkọ tí ìyàwó wọn bá wà nítòsí. "Afárá yẹn nìyí," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀ láàárín alagbalúgbú omi, láìwo ẹ̀rọ kankan. Wọ́n á ju ìwọ̀, wọ́n á dúró, òjé tó ń ri ìwọ̀ sómi á sì gbá kọnkéré nísàlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ta kókó, bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu ìwọ̀ pamọ́ sínú ekòló rọ́bà kó má baà há igi, ẹni tó bá ti dé Lake Fork lẹ́ẹ̀kan ti mọ gbogbo ìyẹn. Ekòló rọ́bà ọ̀hún alára kì í ṣe nǹkan ìjìnlẹ̀: Nick Creme àti ìyàwó rẹ̀ ló sè é lórí ààrò ilé ìdáná wọn ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1949, kí ilé-iṣẹ́ náà tó wá fìdí kalẹ̀ sí Tyler, tí kò jìnnà sí adágún yìí. Gbogbo ènìyàn ló lè rà á. Ohun tí owó kò rà ni okùn tó dẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ekòló bá bọ́ sómi, ọ̀pọ̀ ènìyàn á yára yí ríìlì, okùn á gan. Wọ́n rò pé bí okùn bá gan ni àwọn á fi mọ̀ tí ẹja bá dé. Ṣùgbọ́n okùn tó gan kì í jẹ́ kí ekòló wọlẹ̀ tààrà. Ṣe ló ń fà á wá sọ́dọ̀ ọkọ̀, kúrò nídìí igi tí ẹja sá pamọ́ sí. Àwọn mìíràn á dẹ okùn pátápátá. Ekòló á lọ sísàlẹ̀ gbọnrangandan lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja á gbé e, á tọ́ ọ wò, á pọ̀ ọ́, apẹja á sì wà níbi tó jókòó sí, á máa wo àwọn ẹyẹ.

Ìdí rẹ̀ ni pé báàsì kì í bu nǹkan jẹ. Ẹnu ló ń yà lójijì. Omi á ya wọnú rẹ̀, ohun tó bá wà nínú omi yẹn á bá a wọlé. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Bí okùn bá gan, ó ń di ekòló mú, kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Bó bá dẹ̀ jù, ìròyìn á sọnù lọ́nà.

Àárín méjèèjì ni Bàbá ń gbé. Bí ekòló ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni orí ọ̀pá wọn ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, kò yára jù ú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín orí ọ̀pá sí ojú omi, okùn á tẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìtẹ̀ tí ẹni tó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kò lè rí bí oòrùn kò bá mú un. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ibi tí okùn ti wọ omi ni Bàbá ń ṣọ́ ní tiwọn. Wọ́n ń kà á sínú bí ó ṣe yẹ kó pẹ́ tó kó tó balẹ̀. Bí okùn bá dúró kí kíkà tó pé, ẹja ni. Bó bá ta pọ́ún, ẹja ni. Bó bá rọra ń yà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ẹja ni. Èyí tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ ni ìgbà tí ìwọ̀n òjé bá pòórá lọ́wọ́, tí gbogbo rẹ̀ fúyẹ́, tí ó dà bíi pé okùn já. Ẹja ti gbé e, ó sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọkọ̀. Nígbà yẹn, kíá ni kí ọ̀pá wálẹ̀, kí ríìlì kó èyí tó dẹ̀ jọ, kí apá tó wá fà.

Orí pákó tí wọ́n kàn sí etí omi lẹ́yìn ilé wọn ni wọ́n ti kọ́ akọ̀wé yìí. Oṣù keje ni, ooru Texas sì ń bó ènìyàn lára. Wọ́n fa fìlà bò ó lójú, wọ́n ní kó máa fa ekòló lórí ilẹ̀ abẹ́ omi díẹ̀díẹ̀, kó máa pe ohun tó bá kàn. Amọ̀ máa ń lẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń ta ìka gbọ́ngbọ́n. Igi máa ń wúwo lẹ́ẹ̀kan, kó tó tún fúyẹ́ ní kété tí ekòló bá gun ẹ̀ka rẹ̀ kọjá. Hydrilla, koríko abẹ́ omi, máa ń fà tìnrìn. Ìyàwó wọn gbé tíì oníyìnyín wá. Bàbá ní kó gbé e kalẹ̀, ọmọ kò tíì mọ òkúta yàtọ̀ sí igi. Oòrùn wọ̀. Wọ́n tan rédíò, bọ́ọ̀lù àfigigbá àwọn Rangers ń lọ lọ́wọ́, yìnyín inú tíì ti yọ́ tán, ẹnu sì wà lára amọ̀ àti òkúta títí ìyàwó fi wá pa iná ìta mọ́ wọn lórí.

Àsìkò kọ̀ọ̀kan ní ìdẹ̀ tirẹ̀. Láti oṣù kejì lọ sí oṣù kẹrin, bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé bíi ìwọ̀n 60 Fárẹ́nháìtì, àwọn akọ á wá sí ibi tí kò jìn, wọ́n á fi ìrù gbá ilẹ̀ mọ́ kí abo lè wá yé sí i. Abo á yé, á sì bá tirẹ̀ lọ. Akọ ló ń ṣọ́ ẹyin, òun náà ló ń ṣọ́ ọmọ. Òjé tín-ín-tín, áúnsì 1/8, ni Bàbá ń lò nígbà yẹn, kí ekòló lè máa rọra balẹ̀ nínú omi tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Bí wọ́n bá rí akọ tó dúró lórí ọmọ, wọ́n á ní kí ọkọ̀ yà. "Fi í sílẹ̀, ó ń tọ́mọ." Bí wọ́n bá gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn ẹja kéékèèké yòókù á dà bo àwọn ọmọ náà.

Ìgbà ooru, omi a máa pín sí òkè àti ìsàlẹ̀: òkè gbóná, ìsàlẹ̀ tutù, atẹ́gùn tí ẹja ń mí kì í sì tó nísàlẹ̀ pátápátá. Orí òkìtì abẹ́ omi àti ara afárá àtijọ́ ni báàsì á wà. Òjé 3/8, ekòló gígùn oníǹṣì mẹ́wàá, òru ni wọ́n sì ń lọ. Lóru, ojú kò wúlò mọ́. Ìka nìkan ló kù.

Ìgbà ìwọ́wé ni akọ̀wé yìí fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni Bàbá kórìíra jù. Omi òkè á tutù, á wúwo, á rì, gbogbo adágún á sì pò pọ̀. Àwọn ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní shad á rọ́ wọ ẹnu odò, báàsì á tẹ̀ lé wọn. Ìyọnu ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́, tó ń gbé okùn ṣe ọrun. Orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ ni ènìyàn á máa bá sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà òtútù, ara báàsì a máa falẹ̀, oúnjẹ díẹ̀ ló ń jẹ. Kò ní ta okùn rárá. Ekòló á kàn wúwo, bí ẹni pé ó kó ewé tútù. Ẹni tí kò lè fi ekòló sílẹ̀ jẹ́ẹ́ kó má mì, kó dúró sílé. Síbẹ̀, àwọn abo tó tóbi jù lọ kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀, ẹyin nínú, láti oṣù kìíní.

Ẹ̀rọ tó ń fi ẹja hàn lójú ẹsẹ̀ ló wá gbòde báyìí, pàápàá láti 2018 tí Garmin gbé LiveScope jáde. Apẹja á tẹjú mọ́ gíláàsì, á máa wo ẹja bó ṣe ń rìn, á ju ìwọ̀ sí i lórí. Ó ń pa ẹja lóòótọ́, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ní 2025, ẹgbẹ́ ìdíje ẹja pípa B.A.S.S. fi gbèdéke lé iye irú ẹ̀rọ yìí tí ọkọ̀ kan lè lò nínú ìdíje rẹ̀. NPFL, líìgì ìdíje ẹja pípa mìíràn, kò gbà á láyè rárá ní tirẹ̀. Akọ̀wé yìí ti bá ọ̀dọ́kùnrin kan pàdé tí ọkọ̀ rẹ̀ wọ́n ju ilé ẹlòmíràn lọ, tí kò lè sọ bóyá orí igi tàbí orí òkúta ni ekòló rẹ̀ wà. Kí ló fẹ́ fi mímọ̀ ṣe? Ó ń rí i.

Kì í ṣe gbogbo ohun tuntun ni Bàbá ń bá jà. Nígbà tí tungsten dé, tó kéré ju òjé lọ tó sì le jù ú, wọ́n dán an wò, wọ́n mi orí, wọ́n sì ra páálí kan. Ó ń mú ìròyìn ilẹ̀ wá dáadáa ju òjé lọ. Ohun tí ń bí wọn nínú ni ọjà olówó pọ́ọ́kú: okùn tó ti ká gbandi sára ríìlì láti ilé ìtajà, tí kì í nà mọ́ láéláé. Ta ló fẹ́ ka ìdẹ̀ lára okùn tó ká bẹ́ẹ̀? Ekòló rírọ̀ jù náà tún wà, tó ń ya lẹ́yìn ẹja kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń jù sómi, tí ẹja ń gbé mì, tí kò ní jẹrà níkùn rẹ̀.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ kò tíì dárí ji akọ̀wé yìí lórí ọ̀rọ̀ dídá ẹja padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ra ẹja ní ọjà Olúwo, wo àwòrán báàsì tó kún apá méjèèjì, ó ní, "O wá jù ú sómi padà? Ṣé ara rẹ yá?" Òfin Lake Fork ni pé báàsì tó bá wà láàárín íǹṣì 16 sí 24 gbọ́dọ̀ padà sómi lójú ẹsẹ̀. Akọ̀wé yìí ṣàlàyé títí, ẹ̀gbọ́n ní òfin tí kò gba ọbẹ̀ láyè kì í ṣòfin.

Orúnkún Bàbá kò gba ọkọ̀ mọ́ báyìí. Fóònù ni wọ́n fi ń pẹja. Wọn kì í béèrè ìwọ̀n ẹja, wọn kì í béèrè iye rẹ̀. "Kí ni okùn ṣe?" ni ìbéèrè wọn. Láìpẹ́ yìí, akọ̀wé yìí sọ fún wọn pé lára afárá àtijọ́, okùn ń dúró kó tó balẹ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá fà á, òfo ni.

"Ẹja kò sí nísàlẹ̀ mọ́, àárín omi ló wà. Òjé rẹ ti wúwo jù, ó ń sáré kọjá lójú rẹ̀. Yọ 3/8 yẹn, fi 1/4 sí i."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Má tíì pa fóònù. Dúró sí apá àríwá afárá náà, má ṣe dúró ní gúúsù níbi tí gbogbo wọn ń so ọkọ̀ mọ́. Kùkùté òpó kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú máàpù ẹnikẹ́ni."