"Di" àti "Gbé Wọ̀": Èdè tí a fi ń sọ pé Ọlọ́run di ènìyàn

Bí ọdún Kérésìmesì bá ti ń súnmọ́, gbólóhùn kan a máa wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn oníwàásù wa, èyíinì ni pé Ọlọ́run "gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀". Gbólóhùn náà dùn létí, ó sì tètè ń yé ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi etí Yorùbá gbọ́ ọ dáadáa yóò rí i pé ohun tí ó ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí Ìhìnrere Jòhánù sọ ní orí kìn-ín-ní, ẹsẹ kẹrìnlá. Nínú Bíbélì wa àtijọ́, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀, tí ó sì jáde lódindi ní 1884, "di" ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà níbẹ̀. "Di" àti "gbé wọ̀" kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ìyàtọ̀ wọn sì kan ìfẹ́ Ọlọ́run gan-an.

Kí ni à ń gbé wọ̀? Aṣọ ni, ẹ̀wù ni. Egúngún náà a máa gbé agọ̀ wọ̀. Ohun tí a gbé wọ̀, a óò bọ́ ọ. Ta ni kò mọ àlọ́ ọdẹ tí ó rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú igbó, tí ó yọ bí arẹwà obìnrin, tí ó sì gba ọ̀nà ọjà lọ? Ọdẹ jí awọ náà, ó fi í pamọ́ sí àjà, ó fi obìnrin náà ṣe aya, wọ́n sì bímọ. Ní ọjọ́ tí àṣírí tú, tí obìnrin náà rí awọ rẹ̀ gbà, kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo àwọn ọmọ rẹ̀ kí ó tó wọ igbó lọ. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹranko ni ó ń jẹ́ nínú ilé ọkọ.

Bí a bá wá sọ pé Ọlọ́run gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, àlọ́ yìí ni ọkàn Yorùbá yóò sáré lọ bá, yálà oníwàásù fẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò fẹ́. Èrò náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì ni Ignatius, Bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, ti ń bá àwọn kan jà tí wọ́n ní Jésù kàn dà bí ènìyàn lójú lásán ni, pé ìyà tí ó jẹ kì í ṣe ìyà gidi. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà dokein, tí ó túmọ̀ sí pé kí nǹkan jọ bẹ́ẹ̀ lójú, ni a ti yọ orúkọ tí a fi ń pe ẹ̀kọ́ wọn.

Kí a má purọ́, Bíbélì wa náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Nínú Episteli sí àwọn ará Filípì, orí kejì, níbi tí Gíríìkì ti sọ pé ó sọ ara rẹ̀ di òfìfo, "bọ́ sílẹ̀" ni àwọn olùtumọ̀ lò, wọ́n sì fi "àwọ̀" túmọ̀ morphē. Gíríìkì kò dárúkọ aṣọ níbẹ̀ rárá. Èmi kò dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé bí a bá ní ẹnì kan sọ ara rẹ̀ di òfìfo ní èdè wa, àbùkù ni a óò kà á sí. Síbẹ̀, mo rò pé ibẹ̀ ni àwọ̀ àwọn oníwàásù ti wá.

"Di" ní ìṣòro tirẹ̀. Iṣu tí ó di iyán kò jẹ́ iṣu mọ́. Ṣé Ọ̀rọ̀ tí ó di ara kò wá jẹ́ Ọ̀rọ̀ mọ́ ni? Ohun tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù jókòó lé lórí ní Kalsidónì ní 451 nìyí, wọ́n sì dáhùn pé Ọlọ́run ni síbẹ̀, ènìyàn sì ni. Ṣùgbọ́n oríṣi "di" mìíràn wà. Obìnrin di ìyá: ẹni tí ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ náà ni, kò sọnù, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí yóò lè padà di ẹni tí kò bímọ rí. Irú "di" yìí ni a nílò.

Ó ku "ara". Sarx ni Jòhánù lò, ẹran ara tí ń ṣàárẹ̀, tí ń jẹrà, kì í ṣe sōma. Ìtumọ̀ òde òní kan ti fi "ènìyàn" rọ́pò rẹ̀. Ó yéni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sọ nǹkan nù. Ara ni à ń béèrè ní òwúrọ̀: "Ṣé ara le?" Ẹni tí ó di ara ti di ẹni tí a lè bi ní ìbéèrè yìí, kí ó sì ní kò le.

Níbi "ìfẹ́", èdè wa ṣe ohun tí Gíríìkì kò ṣe. Thelēma, ohun tí ènìyàn pinnu, àti agapē, ìfẹ́ sí ọmọnìkejì, "ìfẹ́" ni Bíbélì wa pe méjèèjì, ti inú Àdúrà Olúwa àti ti inú Jòhánù orí kẹta. Àwọn kan yóò pe èyí ní àìtó èdè. Lójú tèmi, èrè ni. Ọdẹ inú àlọ́ fẹ́ ìyàwó, ṣùgbọ́n awọ tí ó jí ni ó fi dá a dúró. Ìgbà tí awọ yọ, ìgbeyàwó tán. Kò sí ẹni tí ó jí ògo Ọmọ Ọlọ́run pamọ́ sí àjà. Ó fẹ́ ni ó ṣe dúró, ìyẹn ni pé ó pinnu, ìyẹn sì ni pé ó fẹ́ràn wa. Ẹnu Yorùbá kò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ tún ka orí ogún nínú Jòhánù kan náà. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni wọ́n bá nínú ibojì, ó bọ́ ìyẹn sílẹ̀. Bí ara bá jẹ́ ẹ̀wù, ibẹ̀ ni ìbá ti bọ́ òun náà. Ṣùgbọ́n ó gbé e jáde, tòun ti àpá ìṣó, ó sì ní kí Tọ́másì fi ìka kàn án. Bí àwọn tí yóò tún Bíbélì wa túmọ̀ bá fẹ́ pàrọ̀ "ara", kí wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀wọ́ fi "di" sílẹ̀ níbi tí àwọn baba wa fi í sí.