Ọmọ Tí Ó Pẹ́ Rìn, Nínú Èdè àti Nínú Òfin

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ọmọ bá pé ọdún méjì tí kò rìn, tí kò sì pe ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà fi ń tu òbí nínú ni pé, ‘Yóò rìn bí ó bá yá.’ Ọ̀rọ̀ àánú ni; n kò bá a jà. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì ti já sí òótọ́. Àwọn tí kò já sí òótọ́ lára wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ohun tí ìjọba jẹ wọ́n ní gbèsè. Lójú tèmi, àléébù kan náà ni èdè wa àti òfin ilẹ̀ wa ní nípa wọn: ohun tí ojú rí, tí kò sì ní yí padà mọ́, ni àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti ara èdè bẹ̀rẹ̀. Nínú ìtàn Ọbàtálá tí ó mu ẹmu yó nígbà tí ó ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, abuké, àfín, arọ àti aràrá ni a ń pè ní ẹni òrìṣà. Ìtàn yìí ṣe wọ́n lóore púpọ̀, nítorí pé ó fún wọn ní olúwa tí ń gbèjà wọn. Ṣùgbọ́n ìtàn amọ̀ ni. Amọ̀ lè fi ẹ̀yìn tí ó tẹ̀ hàn, ó lè fi ẹsẹ̀ tí ó rọ hàn. Kò lè fi ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáká hàn, tí ọ̀rọ̀ kàn kọ̀ tí kò yọ lẹ́nu rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní òrìṣà. Èébú ni ó kù fún un: dìndìnrìn, sùẹ̀gbẹ̀, òmùgọ̀. Òwe tí a fi ń yin ọmọ, pé èyí tí yóò jẹ́ àṣàmú, láti kékeré ni ó ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú, mo ti rí i tí ó mú ìyá kan tẹrí ba níbi ìkómọjáde ọmọ ẹlòmíràn. ‘Akàndá ẹ̀dá’ tí àwọn oníròyìn ń lò ní iyì ju ‘aláàbọ̀ ara’ lọ, àmọ́ ohun tí òun náà ń sọ ni pé bí a ti dá a nìyẹn.

Bí a bá yíjú sí òfin, nǹkan kan náà ni a ó bá pàdé. Òfin ọdún 2018, tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ní 2020 ni a gbé àjọ tí yóò máa mú un ṣẹ kalẹ̀. N kò kóyán rẹ̀ kéré. Ó ṣèlérí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ni a fi ń dá ẹni tí ó kàn mọ̀, àìlera tí ìwé-ẹ̀rí náà sì ń wá ni èyí tí a retí pé yóò wà títí ayé tàbí fún ìgbà pípẹ́. Àwọn àpẹẹrẹ tí ó fi ṣàlàyé ni rírí, gbígbọ́, ríronú, gígun òkè, gbígbé nǹkan, iṣẹ́ ṣíṣe: ìgbé-ayé àgbàlagbà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ta ni yóò búra lórí ọmọ ọdún méjì pé kò ní rìn láéláé? Dókítà kò lè búra. Ìyá kò sì ní fẹ́ kí ó búra. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé ọdún tí kò tíì sí ẹni tí ó lè búra yẹn gan-an ni ìrànlọ́wọ́ wúlò jù.

Ní ti owó, òfin náà kò ya owó oṣooṣù kankan sọ́tọ̀ fún òbí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Jigawa bẹ̀rẹ̀ sí í san 7,000 náírà lóṣù fún àwọn akàndá ẹ̀dá kan ní 2007, èyí tí ó fi hàn pé ó ṣe é ṣe. 5,000 náírà lóṣù tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní 2016, òṣì ilé ni ó wò nígbà náà, kì í ṣe ara ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa nìkan ni àtòkọ ti ṣì lọ́nà. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1972 ni ó dá owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Supplemental Security Income sílẹ̀. Sísan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1974, ó sì kan ọmọdé láti ìdílé tí kò rí já jẹ. Síbẹ̀, bí àìsàn ọmọ kò bá bá àtòkọ ìjọba mu, wọn a dá a padà, nígbà tí ó jẹ́ pé wọ́n máa ń yẹ àgbàlagbà wò síwájú sí i bóyá ó lè ṣiṣẹ́. Ní 1990 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wọn sọ nínú ẹjọ́ Zebley pé èyí kò bófin mu, pé kí wọ́n máa wo ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe. Ìlànà tí ó tẹ̀lé e wá ń fi ọmọ wé ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1996 òfin mìíràn tún fún ẹnu ọ̀nà náà, lára ìdí rẹ̀ ni ìfura pé àwọn òbí kan ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀tàn. (Ẹni tí kò ní ló máa ń kọ́kọ́ rí ìfura, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.)

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé irú ìfiwéra yẹn wà lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ìyá wo ní Ìgbómìnà ni kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ọrùn ọmọ le, ìgbà tí ó yẹ kí ó jókòó, kí ó rákòrò, kí ó ṣe tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́? Kò dárúkọ àìsàn kankan. Ohun tí ọmọ ń ṣe ni ó ń kà. Lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, àwọn ìyá ń péjọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlá àti Òkè-Ìlá, nọ́ọ̀sì ń wọn ọmọ, ó sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú káàdì. Bí ó bá fi ìbéèrè mẹ́rin péré kún un, tí ó sì kọ èsì wọn sílẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ yóò mọ iye ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Bí nǹkan ti rí báyìí, ìyá tí ó bá fẹ́ mọ̀ dájú ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, tí yóò pọn ọmọ, tí yóò wọkọ̀ lọ sí Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn, owó ọkọ̀ náà kò sì sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.