Ẹnà Inú Ojúewé
Ẹ kí àwọn tó kọ́ ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì láyé aṣàwákiri Internet Explorer 6 kú iṣẹ́. Àpótí tí wọ́n ní kó fi píksẹ́lì 10 jìnnà sétí òsì, tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú aṣàwákiri Firefox, Explorer lè sọ 10 yẹn di 20, kí gbogbo ìlà wó lulẹ̀.

Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ló wù mí. Wọ́n á kọ àṣẹ kan bí àkíyèsí lásán. Firefox á fò ó kọjá. Explorer nìkan ló máa rí “if IE 6” níbẹ̀, á sì lọ gbé fáìlì CSS (àwọn òfin ìrísí ojúewé) tirẹ̀ wá, bí ọ̀rẹ́ méjì tó ń sọ ẹnà láàárín èrò. Nínú fáìlì náà, “display: inline” kan péré ti tún àpótí yẹn ṣe.

Microsoft tó ni Explorer fúnra wọn ló la ọ̀nà yìí (àwọn náà ló kúkú dá wàhálà sílẹ̀), wọ́n sì dí i pa ní Explorer 10.