Ìjúbà Nílé Aṣòfin: Abdias do Nascimento Láti Orí Ìtàgé Dé Ìdí Òṣèlú

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Abdias do Nascimento sábà máa ń pín ìgbésí ayé rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: olóòtú eré orí ìtàgé ṣáájú 1968, olóṣèlú lẹ́yìn tó darí láti ilẹ̀ òkèèrè padà sí Brazil. Ìpín náà rọrùn láti kọ́ni, ṣùgbọ́n ó gbé ohun tó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Ìbéèrè kan náà ló ń bi orí ìtàgé àti ilé aṣòfin: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró níwájú àwùjọ kí ó sì fọhùn ní orúkọ ara rẹ̀?

Ìlú Franca, ní ìpínlẹ̀ São Paulo, ni wọ́n bí i sí ní 1914. Ní 1941, nígbà tó wà ní Lima, olú-ìlú Peru, ó wo The Emperor Jones, eré Eugene O'Neill. Adúláwọ̀ ni olú ẹ̀dá-ìtàn eré náà, ṣùgbọ́n òyìnbó ará Argentina tó kun ara dúdú ló ṣe é. Lẹ́yìn tó padà sílé, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Carandiru. Ó kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n jọ, wọ́n sì ń ṣeré. Ní 1944 ó dá Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio de Janeiro. Ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún 1945, ẹgbẹ́ náà gbé eré O'Neill yẹn gan-an kalẹ̀ ní Theatro Municipal, Aguinaldo Camargo sì ni Jones. O'Neill kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí àwọn lámèyítọ́ máa ń fi ìlà kan ṣoṣo mẹ́nu bà, tó sì yẹ kó gba orí kan gbáko, ni kíláàsì ìwé kíkà tí ẹgbẹ́ náà ṣí. Ọmọ ọ̀dọ̀, lébìrà àti òṣìṣẹ́ ìjọba onípò kékeré ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wá fẹ́ di òṣèré, ọ̀pọ̀ wọn kò sì mọ̀wé kà. Kí ènìyàn tó lè ti inú ìwé há ọ̀rọ̀ eré sórí, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀wé kà. Òfin Brazil nígbà náà sì ni pé ẹni tí kò mọ̀wé kà kò gbọdọ̀ dìbò. Ó di 1985 kí wọ́n tó mú òfin yìí kúrò. Ẹni tó wá kọ́ bí yóò ṣe di òṣèré lálẹ́ ti di ẹni tó lè dìbò kí eré tó dé ojú agbo. Níbí ni ìṣèlú Nascimento ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní Brasília. (Ọdún 1944 yìí kan náà ni Hubert Ogunde gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ kalẹ̀ ní Èkó, ìfiwéra àwọn méjèèjì tó iṣẹ́ kan lọ́tọ̀.)

Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀, Sortilégio ló kan onímọ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n jù. Ó kọ ọ́ ní 1951, ṣùgbọ́n ìjọba kò jẹ́ kó dé orí ìtàgé títí di 1957. Emanuel, agbẹjọ́rò adúláwọ̀, pa Margarida, ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ òyìnbó, ó sì sá wọ ojúbọ òrìṣà lóru. Ó kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣẹ̀sín; lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ba ohun tí wọ́n gbé síwájú Èṣù. Aṣọ ọ̀làjú bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lára rẹ̀, títí ó fi kú sí ẹnu ọ̀kọ̀ Èṣù. Wọ́n sábà máa ń kà á gẹ́gẹ́ bí ìtàn ẹni tó padà sí orírun. Ojú mìíràn wà tí òǹkàwé tó mọ ìṣe ẹbọ lè fi wò ó: ẹni tó fọwọ́ ba ẹbọ ló di ẹbọ. Agbẹjọ́rò náà kò padà sílé. Wọ́n rú u ni. Ṣùgbọ́n ẹbọ a máa ní ohun tí a ń tọrọ, eré ti 1951 kò sì sọ ohun náà. Margarida àti Ifigênia, adúláwọ̀ tí Emanuel ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbésí ayé tiwọn lẹ́yìn ìrántí ọkùnrin náà. Àbùkù ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ọlá òǹkọ̀wé bò ó.

Nascimento kúrò ní Brazil ní 1968, lábẹ́ ìjọba ológun. Ó ń kọ́ni ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, kó tó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀jọ̀gbọ́n àlejò ní 1976 sí 1977. Ní FESTAC 1977 ní Èkó, Brazil kò fi í sínú àwọn aṣojú rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó ka bébà rẹ̀ níbi àpérò. Bébà náà kọ ohun tí ìjọba yẹn ń polongo, pé àwọ̀ ara kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní Brazil. Sketch ní Ìbàdàn ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé lọ́dún náà. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun Sortilégio jáde ní 1979, orúkọ Zumbi ti wọ àkọlé rẹ̀: Zumbi, olórí Palmares tí àwọn amúnisìn pa ní 1695. Ìtọrọ ẹbọ náà ti wá ní orúkọ.

Ó wọ Ilé Aṣojú-ṣòfin ní 1983 lábẹ́ PDT, ẹgbẹ́ Leonel Brizola. Òfin Brazil kò fàyè gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́, nítorí náà inú ohun tó gbé wá ni òmìnira rẹ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí àwọn sósálíìsì ti ń sọ fún un pé ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ló ṣáájú ọ̀ràn àwọ̀. Kò gbà fún wọn rí. Ní ọdún tó wọlé yẹn gan-an ló gbé àbá òfin wá pé kí a ya ìdá 20 nínú 100 àyè iṣẹ́ ìjọba sọ́tọ̀ fún ọkùnrin adúláwọ̀, àti ìdá 20 mìíràn fún obìnrin adúláwọ̀. Ilé kò sọ ọ́ di òfin.

Ní Sẹ́nétì, adelé ni. Àga Darcy Ribeiro ló jókòó sí, ní 1991 sí 1992, àti láti 1997 tí Ribeiro kú títí di 1999. Ibẹ̀ ló ti máa ń pe Ọlọ́run àti àwọn òrìṣà kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pe èyí ní ọ̀ṣọ́ lásán kò mọ̀ pé títí di 1976, ilé òrìṣà ní Bahia ní láti gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ṣe ọdún. Ìjúbà ni, irú èyí tí àwọn alárìnjó fi ń ṣí eré, tí òṣèré fi ń jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ tí òun dúró sí ní olówó. Ohun tí alárìnjó ní tí Nascimento kò ní ni àwọn elégbè. Ìbà rẹ̀ kò rí ẹni tó sọ pé kó ṣẹ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Akọ̀wé ilé kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ní èdè Potogí, sínú ìwé ìjọba.

Ó kú ní Rio ní oṣù Karùn-ún 2011. Òfin tó ya àyè sọ́tọ̀ fún àwọn adúláwọ̀ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ 2012, èyí tó kan iṣẹ́ ìjọba sì tẹ̀ lé e ní 2014: ìdá 20 nínú 100, lọ́kùnrin lóbìnrin lápapọ̀, ìdajì ohun tó béèrè ní 1983.