Ẹni Tó Tú Ìṣẹ́jú Àáyá Wò

Ní ìparí ọdún 2012, káàdì gíráfíìsì méjì ló ń du oníbàárà kan náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ lọ́jà Amẹ́ríkà: Radeon HD 7950 ti AMD, àti GeForce GTX 660 Ti ti Nvidia. Ká ní ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan là ń wò, ẹjọ́ ọ̀hún kì bá pẹ́ tán. Bí AMD ṣe gbé 7950 jáde, 3GB ni mẹ́mọ́rì rẹ̀. Ti 660 Ti jẹ́ 2GB. Ọ̀nà tí dátà ń gbà dé mẹ́mọ́rì 7950 fẹ̀ tó bíìtì 384, ti èkejì kò ju 192 lọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le: bíìtì 384 lọ́nà bílíọ̀nù 5, ìyẹn iye ìgbà tí dátà ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi 8 pín in, ó di 240GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ti 660 Ti, 192 lọ́nà bílíọ̀nù 6, ẹ fi 8 pín in, 144GB péré ni. Ẹ̀yà kéékèèké tó ń ṣe ìṣirò nínú 7950 jẹ́ 1,792, ti 660 Ti jẹ́ 1,344, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti ilé-iṣẹ́ kan kò ṣeé fi wé ti èkejì ní ọ̀kan sí ọ̀kan, torí wọn kò kọ́ wọn bákan náà. Lórí ìwé, 7950 ló borí.

Scott Wasson kò fi ìwé dá ẹjọ́ yìí. Òun wà lára àwọn tó dá ìkànnì The Tech Report sílẹ̀ lọ́dún 1999, ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀yà kọ̀ǹpútà palẹ̀ nígbà náà fún àwọn tó fẹ́ rà á. Títí di ọdún 2011, ìbéèrè kan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dán káàdì wò máa ń bi í: àwòrán mélòó lo lè yà sójú kọ̀ǹpútà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Wọ́n á ṣe géèmù fúngbà díẹ̀, wọ́n á ka iye àwòrán, wọ́n á pín in dọ́gba, ó parí. Bó bá jẹ́ 60, ó dára. Bó bá jẹ́ 30, ó ń wọ́.

Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, Wasson gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó pè ní "Inside the Second", ó sì fi hàn pé ìpíndọ́gba yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Káàdì tó ń ya àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yẹ kó máa lo nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó lè fi mílísẹ́kọ́ǹdì 14 ya ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú 59, kí èyí tó ṣẹ́kù wá gba 174. Ẹ rò ó pọ̀, 60 náà ni, àmọ́ ẹni tó ń ṣe géèmù ti rí i pé àwòrán dúró gbagidi lójú òun. Onídùndún tó kánjú lu ìlù tó wá dákẹ́ lójijì, iye ìgbà tí ọ̀pá kan awọ lè pé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ oníjó ti kọ́.

Irinṣẹ́ tí Wasson lò kì í ṣe àdììtú. Fraps ni, ètò tó máa ń kọ àkókò tí àwòrán kọ̀ọ̀kan jáde sílẹ̀, ó sì ti wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ohun tí Wasson fi ọgbọ́n ṣe ni bó ṣe to àkọsílẹ̀ náà. Àkọ́kọ́, ó fa gbogbo rẹ̀ ní ìlà: níbi tí ìlà bá ti tẹ́jú, géèmù ń lọ geere, níbi tó bá ti ta ṣóńṣó sókè, ibẹ̀ ni géèmù ti kọsẹ̀. Ìkejì, ó to àwòrán láti orí èyí tó yá jù dé orí èyí tó falẹ̀ jù, ó wá béèrè pé: láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó ni 99 nínú 100 ti dé? Ìkẹta, ó kó gbogbo àkókò tí àwòrán fi kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 50 jọ, torí pé èyí tó bá ti kọjá ibẹ̀ kò tilẹ̀ yára tó àwòrán 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó tún wú mi lórí ni pé kò sọ ju ohun tó rí lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé ẹnu ọ̀nà tí géèmù ti ń fa àwòrán lé ètò mìíràn lọ́wọ́ ni Fraps dúró sí, kò dé ojú sikirínì.

Nínú oṣù kejìlá ọdún 2012, ó kó káàdì méjèèjì wọ géèmù Skyrim lórí Windows 8. Ìpíndọ́gba wọn kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ìlà 660 Ti tẹ́jú ju ti 7950 lọ dáadáa. Ti 7950 ń ta ṣóńṣó lemọ́lemọ́. Àwọn kan ní irọ́ ni, wọ́n ní ojú kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Wasson gbé kámẹ́rà tó ń ya àwòrán 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan síwájú sikirínì, ó mú kí fídíò náà máa falẹ̀, ohun tí ìlà sọ sì hàn kedere: ilẹ̀ Skyrim ń fò fẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kó ti máa ṣàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ tú èèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

AMD kò jiyàn. Wọ́n ní inú dráífà, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, ni àléébù wà. Nígbà tí dráífà tuntun jáde ní oṣù kìíní ọdún 2013, ọ̀pọ̀ ṣóńṣó náà rẹlẹ̀. Bíìtì 384 kò yí padà, ẹ̀yà 1,792 kò fi ẹyọ kan lé, káàdì kan náà ni, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti yàtọ̀. Páálí wo ni ìbá sọ èyí fún wa?

Lóṣù kẹta ọdún náà, Nvidia gbé irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ FCAT jáde, tó ń fi àwọ̀ sí etí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí olùdánwò lè mọ ìwọ̀n èyí tó dé ojú sikirínì gan-an. Ìgbà náà ló hàn gbangba pé, tí wọ́n bá so Radeon méjì pọ̀, àwọn àwòrán kan wà tí wọ́n ń kà mọ́ iye, tó sì jẹ́ pé fẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ni wọ́n hàn. AMD gbé dráífà tó ń tò wọ́n létòlétò jáde nínú oṣù kẹjọ. Wasson alára lọ bá AMD ṣiṣẹ́ ní ìparí ọdún 2015.

Lónìí, olùdánwò tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé ìpíndọ́gba kalẹ̀ láìfi iyára ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àwòrán tó falẹ̀ jù lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá ń ra káàdì, ì báà jẹ́ ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí ní London, ẹ béèrè pé GB mélòó ni, ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ síbẹ̀. Ẹ wá ìdánwò tí wọ́n fi géèmù tí ẹ̀ ń ṣe ṣe, lórí sikirínì tó tó tiyín. Bí ìpíndọ́gba káàdì méjì bá dọ́gba, èyí tí àwọn àwòrán rẹ̀ tó falẹ̀ jù yá ju ti èkejì lọ ni kí ẹ rà.